Ìyàwó Kubwa àti ìbéèrè tí kò bi dókítà

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó gbé e síta. Ó ní kí n yọ nǹkan kan, mo yọ ọ́. Ó ní kí n má fi ti ìyá ọkọ òun pamọ́, mo sì fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ti gba ìtọ́jú ni mo fi bò. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é, torí pé kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì rẹ̀ tó fi wọ àárín wa.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ní lupus, àìsàn tí àjẹsára ara, ìyẹn agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn, fi ń bá ara onílé jà, ní Abuja àti àyíká rẹ̀ ni mò ń sọ: Kubwa, Nyanya, Lugbe, Gwagwalada, Suleja, títí dé Minna àti Lọ́kọ́jà. Orí WhatsApp la ti ń ríra. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú yàrá ńlá. Àwa Yorùbá inú rẹ̀ ní yàrá kékeré tiwa, a sì máa ń pe ara wa jọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú láti fẹnu sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí oríkèé ìka ń ro kì í fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ gígùn sórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mò ń darí ìpàdé alẹ́ Àìkú yìí. Mi ò ní lupus, àbúrò mi obìnrin ló ní i.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é

Ọmọ ọdún 29 ni nígbà tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà. Tó bá jí láàárọ̀, ìka rẹ̀ á ti le, kò ní lè ṣí ìdérí ìgò títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Ibà ń dé, ó ń lọ. Egbò yọ sí àjà ẹnu rẹ̀, kò sì dùn ún. Irun iwájú orí rẹ̀ ń já sínú ìborùn. Oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó ti gbé Nàìjíríà pẹ́ kò ní bi mí ní ìdí: láàbù àdúgbò kì í pẹ́ kọ táífọ́ọ̀dù fún ẹni tára rẹ̀ bá gbóná, àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń lò sì máa ń so táífọ́ọ̀dù mọ́ ẹni tí kò ní i lọ́rùn. Nígbà kan wọ́n fún un ní Septrin, oògùn apakòkòrò. Septrin àti àwọn oògùn tó bá a tan wà lára ohun tó lè ru lupus sókè, lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wá le.

Ojú rẹ̀ ṣú láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó gba orí imú bọ́ sí èkejì. Pupa ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe àpá yìí, wọ́n sì ń sọ pé ó jọ labalábá. Lára aláwọ̀ dúdú ó lè kàn ṣú ju awọ tó kù lọ, kí pupa kankan má sí níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìpara abóra ló ń jà á. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣi ojú lupus mọ̀. Àpá ojú Seal, olórin tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí Olúṣẹ́gun wà lára orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ilà ni. Lupus ti awọ ara ló fi í sílẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún kan kó tó dé iwájú dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn oríkèé, irú dókítà tí kò pọ̀ rárá lápá ọ̀dọ̀ wa. Nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ANA jáde, anti-dsDNA jáde, àwọn ohun tí àjẹsára ń pèsè láti fi bá ara fúnra rẹ̀ jà; purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, àmì pé ó ti kan kíndìnrín. ANA nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lè ní i. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2019 fi ANA ṣe ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wá máa ka àmì yòókù títí á fi pé máàkì 10. Tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tí lupus ń mú, bí 9 ló jẹ́ obìnrin, púpọ̀ wọn ló sì wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí. Ó yẹ kí èyí ti jẹ́ kí gbogbo wa mọ ìbéèrè tó máa wà lọ́kàn wọn.

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n kọ fún un: hydroxychloroquine, prednisolone, àti mycophenolate nítorí kíndìnrín. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ lóyún nígbà tó bá wà lórí mycophenolate. Òótọ́ ni, oògùn náà máa ń ba oyún jẹ́, ó sì máa ń ṣe ọmọ inú léṣe. Ṣùgbọ́n èrò kún ìta, wọ́n ti ń pe orúkọ ẹni tó kàn, ohun tí Ìyàwó sì gbé délé ni pé òun ò ní bímọ mọ́. Kò bi dókítà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Oṣù karùn-ún tí wọ́n so yìgì nìyẹn.

Ohun tó rí gbà láàárín wa

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó rò pé ẹgbẹ́ orí fóònù kò wúlò. Ó wúlò fún un. Lóṣù tó dé, ó sọ pé àárẹ̀ ń mú òun débi pé òun máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìwẹ̀ kí òun tó lè wọṣọ, pé wọ́n sì ń pe òun ní ọ̀lẹ. Ẹni mẹ́fà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun sunkún nígbà yẹn, ẹkún ìtura.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé oòrùn máa ń ru lupus sókè, pé gíláàsì ọkọ̀ kì í dá gbogbo ìtànṣán rẹ̀ dúró, kó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò bá sí nínú bọ́ọ̀sì Kubwa. Híjáàbù rẹ̀ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún un, ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ ló kù fún ìpara tó ń dí oòrùn. Wọ́n sọ fún un pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò ojú láàárín ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ hydroxychloroquine, kó sì máa ṣe é lọ́dọọdún tó bá ti lo ọdún 5, tàbí ṣáájú bẹ́ẹ̀ tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ẹ̀yìn ojú tí oògùn náà lè bà jẹ́ tó bá pẹ́. Wọ́n sọ fún un pé Felvin, diclofenac àti ibuprofen tí gbogbo ilé ń lò fún ara ríro kò yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ọgbẹ́. Àwọn tó ti pẹ́ sọ ìtàn 2020 fún un, nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin hydroxychloroquine fún kòrónà, tó sì di pé ẹni tó ń lò ó fún lupus ń wá a kiri. Ẹni tó bá rí páálí kan ní Wuse á kígbe sínú ẹgbẹ́. Nígbà ààwẹ̀ Ramadan, ẹnì kan ní kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun lè pín oògùn sí sààrì àti ìṣínu. Ó béèrè. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó lẹ́nu láti fi béèrè ọ̀rọ̀, tí ẹnì kan bá ti là á lójú pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kì í sọ. Láàárín gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn, kò sí oyún, kò sí oògùn tó bá oyún lọ, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀, àwọn àgbà wà níbẹ̀, ojú ń ti gbogbo èèyàn.

Gbogbo àmì di oyún

Alhájà, ìyá ọkọ rẹ̀, wá kí wọn láti Ìlọrin. Prednisolone ti mú kí ojú Ìyàwó yọ róbótó, ikùn rẹ̀ sì ti tóbi díẹ̀. Alhájà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà, kò bi í léèrè nǹkan kan. Kó tó padà délé, àwọn ará ilé ní Ìlọrin ti gbọ́ pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ra kù. Ìyàwó ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bí òun bá fẹnu sọ pé kì í ṣe oyún, ohun tó kàn ni kí wọ́n béèrè ìgbà tó máa jẹ́ oyún.

Àkókò yìí ni obìnrin kan wọlé sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ó ti wà nínú yàrá wa láti bí oṣù mélòó kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní lupus. Olùtọ́nisọ́nà ìlera ló ń pe ara rẹ̀: ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní oúnjẹ, oorun àti ìsinmi ọkàn lórí fídíò, owó ni wọ́n fi ń wọlé. Apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ń ta ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan. Zogale, ìyẹn ewé moringa, lásán ni, ó wí, pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ tó ń gbé àjẹsára ara ró. Spirulina àti alfalfa ni nǹkan díẹ̀ náà, a rí i lára ọ̀rá nígbà tó yá, níbi tí a kò ti rí nọ́ḿbà NAFDAC kankan.

Ó sọ fún Ìyàwó pé àjẹsára tó rẹ̀ sílẹ̀ ló ń fa lupus. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni. Àjẹsára ẹni tó ní lupus kò rẹ̀ sílẹ̀, ṣe ló ṣìnà tó ń bá ara onílé jà. Mẹ́gáàdì tó ti ń yìnbọn lu baba onílé, ẹ wá lọ ra ọta sí i fún un? Èyí ni kì í jẹ́ kí n fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ń tà pé ó ń gbé àjẹsára ró, bó ti wù kó jẹ́ ewé àti egbò tó. Èròjà kan wà nínú alfalfa, L-canavanine, tí àwọn dókítà ti mọ̀ látọjọ́ pé ó lè ru lupus sókè. Spirulina náà wà lára ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn.

Kì í ṣe irọ́ obìnrin náà ló mú Ìyàwó. Òótọ́ rẹ̀ ni. Ó ya bébà inú páálí mycophenolate ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́, ibẹ̀ sì kọ ọ́ gbangba pé ó ń ba oyún jẹ́. Ó ní, “Ṣé wọ́n sọ fún ẹ ní ọsibítù? Wọn ò sọ, àbí? Ilé ọmọ rẹ ni wọ́n ń pa.” Ìyàwó kó oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá, ó so ó, ó gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kan náà ló dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Prednisolone kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń já lọ́jọ́ kan. Tí èèyàn bá ti lò ó pẹ́, ara á ti dẹ́kun láti máa pèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù kí ara lè rántí iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò lókun. Olùtọ́nisọ́nà ní ìdọ̀tí ló ń jáde lára. Ìyàwó ní èrò tirẹ̀: oyún ni. Ó ra ohun tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, kò jáde, ó ní bóyá ó ṣì kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá wú. Alhájà ní bẹ́ẹ̀ lẹsẹ̀ tòun náà ṣe wú nígbà tí òun lóyún ọkọ Ìyàwó. Orí ń fọ́ ọ. Ìyẹn náà, oyún.

Mo ti ronú sí èyí púpọ̀. Ojú tó róbótó, èébì, ẹsẹ̀ wíwú: nínú ilé tí wọ́n ti ń retí ọmọ, kò sí ẹni tó máa rí nǹkan wọ̀nyí tó máa kọ́kọ́ dárúkọ kíndìnrín. Ìfẹ́ ló ṣi àmì kà, láti ẹnu Alhájà títí dé ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀.

Alẹ́ Àìkú

Ní ìpàdé, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé ṣé ẹsẹ̀ máa ń wú láti oṣù kìíní oyún. Àwọn kan kí i kú oríire. Màmá kan wà láàárín wa láti Suleja, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, lupus ti mú kíndìnrín tirẹ̀ náà rí. Kò kí i.

“Ọmọ mi, tí o bá tọ̀, ṣé ó ń hó?”

“Ó ń hó, Màmá.”

“Tí o bá da omi sí i, ṣé ìfófó yẹn ń lọ?”

“Kì í tètè lọ, Màmá.”

“Ṣé ò ń lo oògùn rẹ?”

Ìyàwó ò dáhùn. Màmá ò bá a wí. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ gba fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n ti lè rí kẹ́mísìtì tó ṣì ṣí ní Kubwa. Wọ́n ra bébà tí wọ́n ń rì sínú ìtọ̀: purotéènì rẹ̀ jẹ́ plus mẹ́ta. Kẹ́mísìtì wọn ìfúnpá rẹ̀, 170/110. Màmá ní kí wọ́n má sun ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà pe ọkọ rẹ̀, mo tún un sọ. Wọ́n dé ọsibítù kó tó di òru.

Purotéènì tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kó jáde wá sí 3.4 níbi tí ti ẹni tára rẹ̀ le kò ti yẹ kó kọjá 0.2. Wọ́n gé díẹ̀ lára kíndìnrín rẹ̀ wò, ipele kẹrin ló wà nínú mẹ́fà tí wọ́n ń pín àìsàn náà sí, ọ̀kan lára àwọn tó le jù. Wọ́n fi methylprednisolone sí i lára láti inú drip fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fún un ní oògùn ìfúnpá. Oògùn tí wọ́n wá fẹ́ fi ṣe ìtọ́jú tó kù? Mycophenolate ni. Òun náà tó sá fún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì, àwọn obìnrin mẹ́ta láàárín wa bá a kọ ìbéèrè sílẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá, ó sì kà á jáde fún dókítà nígbà tó dé. Àkọ́kọ́ ni: ṣé mo lè bímọ? Dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Kí àìsàn náà kọ́kọ́ rọlẹ̀, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Kí wọ́n yọ mycophenolate, kí wọ́n fi azathioprine rọ́pò rẹ̀, èyí tó bá oyún lọ. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 6 gbọ́dọ̀ wà láàárín mycophenolate tó lò kẹ́yìn àti oyún. Oògùn ìfúnpá rẹ̀ náà máa yí padà, torí lisinopril tó ń lò kò dára fún ọmọ inú. Hydroxychloroquine ní tirẹ̀ máa bá a dé yàrá ìgbẹ̀bí, wọn ò ní yọ ọ́. Títí ìgbà náà, kó lo ìfètòsọ́mọbíbí tí kò ní estrogen nínú.

Ìdáhùn yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìyàwó ní tí òun bá ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ì bá ti máa lo oògùn náà bí ẹni tó ń san gbèsè tó lópin.

Lẹ́yìn ìgbà náà

A yọ olùtọ́nisọ́nà náà kúrò, a fi fọ́tò ọ̀rá ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC. Àwọn kan láàárín wa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹlòmíì máa wọlé lọ́la pẹ̀lú ìyẹ̀fun aláwọ̀ míì, ibi tó sì máa gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ tí a kò bá fẹ́ fẹnu bà. A ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nìkan, Màmá Suleja ló ń darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyún, nǹkan oṣù àti ọ̀rọ̀ inú yàrá tọkọtaya ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọn kì í sì í fi bò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a máa ń fi ẹnì kan tó ti pẹ́ tì í, ẹni tó lè pè nígbàkígbà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ iye oògùn tí ẹlòmíì á lò, èmi nọ́ọ̀sì náà kì í sọ ọ́ níbẹ̀. Ohun tí a ń bá ara wa ṣe ni láti kọ ìbéèrè tí a máa gbé lọ. Ìtọ̀ tó ń hó, ẹsẹ̀ tàbí ojú tó wú lójijì, àyà dídùn, orí fífọ́ tó mú ojú ṣókùnkùn, ara gbígbóná fún ẹni tó wà lórí oògùn tó ń tẹ àjẹsára mọ́lẹ̀: ìwọ̀nyí kì í dúró de alẹ́ Àìkú.

Ọkọ rẹ̀ mú Alhájà wá sí ìpàdé kan lórí fóònù láti Ìlọrin. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ń ranni. Kì í ranni. Èkejì, ta ló fi ṣe é? Màmá Suleja dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó fi ṣe é, pé òun ní lupus kí òun tó bí àbíkẹ́yìn òun, ọmọ náà sì ti wọ yunifásítì. Alhájà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé.” Màmá ní, “Ẹ lọ sọ fún wọn pé ó ń gba ìtọ́jú kó lè bímọ. Irọ́ kọ́ nìyẹn.” Láti ìgbà náà, Alhájà ló ń bá wọn fi owó kún owó oògùn. Mycophenolate gbówó lórí lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, ìnṣọ́ránsì ìlera tí Ìyàwó ní níbi iṣẹ́ kò sì san án, a kò tíì rí ọgbọ́n kankan dá sí èyí.

Nígbà tí mò ń kọ èyí, purotéènì rẹ̀ ti wá sí 0.4, prednisolone ti dín sí 5 mg lójúmọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 6 náà. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní anti-Ro, tó wà lórí ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó jáde pé ó ní i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú oyún 100 irú èyí, bí 2 lè ní ọmọ tí ìró ọkàn rẹ̀ kì í lọ déédéé, hydroxychloroquine sì ń dín ewu náà kù. Wọ́n máa fi scan wo ọkàn ọmọ láti bí ọ̀sẹ̀ 16 sí 26. Ó fúnra rẹ̀ gbé èsì náà sínú yàrá àwọn obìnrin, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n ti ṣe èyí fún yín.” Ẹni mẹ́ta ti lọ ṣe é.